Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìpamọ́ Àwòṣe Bàálù Àtijọ́ àti Àmì Ara Rẹ̀: Àyálò láti Ẹnu Àwọn Agbẹ́gilére Àríwá Èkìtì

1. Ìfáárà

Àwòṣe bàálù ni bàálù kékeré tí a to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ìrísí bàálù gidi. Òṣùwọ̀n kan tí ó gbajúmọ̀ ni 1/72. Nípa òṣùwọ̀n yìí, Spitfire tí fífẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 11.23 di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15.6. Ike tí a ń pè ní pọ́lísítáírínì ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn láti àárín ọ̀rúndún ogún.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré ọwọ́. Ilé-iṣẹ́ Nigeria Airways kógbá sílé ní 2003. Àwòṣe tí ó bá ṣì gbé àmì rẹ̀ ti di ẹ̀rí ìtàn. Bákan náà ni àmì roboto aláwọ̀ ewé-funfun-ewé ti Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1964. Ìṣòro ògbufọ̀ kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀, bí kò ṣe pé ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sẹ́nu lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ ba ohun tí ó fẹ́ pa mọ́ jẹ́.

2. Orísun àwọn ọ̀rọ̀

Láti 1947 títí di 1954 ni ilé iṣẹ́ ọnà àwọn àlùfáà Kátólíìkì fi wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ àbójútó Kevin Carroll. Níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Àreògún, ti gbẹ́gi, tí Làmídì Fákẹ́yẹ sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére pín iṣẹ́ wọn sí: lílé, àlétúnlé, dídán àti fífín. Méjì tí ó kẹ́yìn wúlò níhìn-ín.

(i) Fífín: ìlà tí a gbẹ́ wọnú ara. Ìlà orí ọ̀pọ̀ àwòṣe àtijọ́ yọ síta ni, kò wọnú. Nítorí náà, ìlà fífín yàtọ̀ sí ìlà yíyọ. Ẹni tí ó bá fi bébà aláta ha ìlà yíyọ yóò pa á rẹ́.

(ii) Dídán: mímú kí ojú ara tẹ́jú, kí ó sì máa dán. Orí ojú tí ó dán ni àmì ti ń lẹ̀ dáadáa.

3. Àmì àfomilẹ̀

Àwọn kan ń pe àmì yìí ní àlẹ̀mọ́, ṣùgbọ́n àlẹ̀mọ́ ni ohun tí ó ní àtè lẹ́yìn, tí a lè ṣí kúrò. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bébà ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí ń yọ́ nínú omi wà lórí bébà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó gbé yíńkì dúró ni ó wà lókè. Bí a bá rẹ ẹ́ sómi, awọ náà yóò yọ̀ kúrò lórí bébà bọ́ sára àwòṣe. Gẹ́gẹ́ bí a ti ní àfọwọ́kọ, bẹ́ẹ̀ ni a lè ní àfomilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé omi kò yẹ ohun tí omi gbé débẹ̀.

Àìsàn mẹ́ta ni ó ń bá a jà:

(a) ìpọ́nrúsúrúsú: awọ tí ó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ yóò pọ́n, funfun àárín àmì orílẹ̀-èdè yóò sì dà bí ìyeyè;
(b) sísán: awọ gbẹ, ó sì là kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́;
(d) afẹ́fẹ́ abẹ́-awọ: afẹ́fẹ́ há sábẹ́ awọ nítorí pé ojú ara kò dán, ó sì ń kọ mànà bíi fàdákà. A fi okùnfà sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ìrísí, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ibi tí àtúnṣe wà.

4. Ìpamọ́ àti ìsọdọ̀tun

Níhìn-ín ni ewu tí ó tóbi jù wà. Ní àríwá Èkìtì, a máa ń tún ère Ẹ̀pà kùn kí ọdún tó dé. Àtúnkùn yìí tọ̀nà, nítorí pé ère náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìsọdọ̀tun ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tún àwòṣe àtijọ́ kùn, ẹ̀rí ọwọ́ ẹni tí ó tò ó ti parẹ́. Ìpamọ́ ni yíyẹra fún ohun tí ń bà á jẹ́: fífi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku, gbígbé e kúrò lójú oòrùn, àti ṣíṣọ́ ooru àti ọ̀rinrin. Ẹsẹ̀ àwòṣe tí a fi ike rírọ̀ ṣe gbọdọ̀ jìnnà sí pọ́lísítáírínì, torí pé èròjà tí ń mú un rọ̀ a máa jẹ ike líle.

5. Ìgúnlẹ̀

Ìmọ̀ràn fún olùkọ́ àti ògbufọ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe fi "àtúnṣe" dúró fún ìpamọ́ àti ìsọdọ̀tun papọ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì wà ní Ìkọ̀lé, kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn agbẹ́gilére ti lo dídán àti fífín. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu oníṣẹ́ ọwọ́ kò yẹ kí ó ṣòro fún onímọ̀ ẹ̀rọ láti jogún.