Bí A Ti Í Mọ Fífẹ̀ Oko àti Iye Tí Àká Lè Gbà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, nígbà tí omi bá kún bo àkúrọ̀ ní agbègbè Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, kì í ṣe irúgbìn nìkan ni omi náà lè gbé lọ. Ó lè hú èèkàn ààlà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ oko àti ilé ní agbègbè náà ni omi bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022. Lẹ́yìn tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá ti fà, ìbéèrè kan tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dáhùn ni pé, báwo ni oko rẹ̀ ti tóbi tó? Ẹni tí ó bá wí pé, "Ó tóbi gan-an," kò tíì dáhùn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ ẹni tí ń fi katakata túlẹ̀ fún owó, lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ajílẹ̀, àti lọ́dọ̀ ẹni tí ń ra àgbàdo. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ìwọ̀n tirẹ̀. A fẹ́ kí ẹ̀yin náà ní tiyín. Okùn kan, èèkàn díẹ̀, àti ìwé kékeré kan ti tó fún iṣẹ́ náà.

Yíyí oko ká kọ́ ni fífẹ̀ oko

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ yí oko wọn ká, wọn a ka ìṣísẹ̀ wọn, wọn a sì fi iye rẹ̀ ṣe ìwọ̀n oko. Irú ìwọ̀n yìí a máa tan ni jẹ. Ẹ wo oko mẹ́ta yìí. Èkíní gùn ní mítà 100, ó sì fẹ̀ ní mítà 100. Èkejì gùn ní mítà 150, ó sì fẹ̀ ní mítà 50. Ẹ̀kẹta nà gbọọrọ lẹ́bàá odò: ó gùn ní mítà 180, ó sì fẹ̀ ní mítà 20. Bí ẹ bá yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, mítà 400 ni ẹ ó rìn lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ gígùn di púpọ̀ ní ọ̀nà ìbú, èkíní yóò jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 10,000, èkejì 7,500, ẹ̀kẹta 3,600 péré.

Mítà onígun mẹ́rin kan ni ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan. Irú rẹ̀ 10,000 ni ó ń jẹ́ hẹ́kítà kan. Éékà kan tó nǹkan bí 4,047, nítorí náà hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì àti ààbọ̀.

Bí ìlànà bá wí pé kí a lo àpò ajílẹ̀ 4 fún hẹ́kítà kan, ẹni tí ó ni oko kẹta, tí ó rò pé hẹ́kítà kan ni nítorí pé mítà 400 ni òun rìn, yóò da àpò 4 sórí ilẹ̀ tí àpò kan àti ààbọ̀ tó fún. Ó ti fi owó àpò méjì àti ààbọ̀ ṣòfò, ajílẹ̀ náà sì lè jó àgbàdo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oògùn apakoríko ni, ewu rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oko tí igun rẹ̀ kò gún

Ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa kì í sábà ní igun tí ó gún régé. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí irú oko bẹ́ẹ̀ ni kí a wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a ro ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó kọjú sí ara wọn pọ̀, kí a pín in sí méjì, kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì yòókù, kí a wá sọ èsì kan di púpọ̀ ní ọ̀nà èkejì. Àṣìṣe yìí ti gbó. Ó wà nínú ìwọ̀n ilẹ̀ oko tí a gbẹ́ sára ògiri tẹ́ḿpìlì Edfu ní Íjíbítì, tí a kọ́ láàárín ọdún 237 àti ọdún 57 ṣáájú ìbí Jésù, ní ilẹ̀ tí odò Náílì ti máa ń kún bo oko lọ́dọọdún nígbà náà. Bí igun oko kò bá ti gún, fífi kún ni ìṣírò yìí máa ń fi kún ilẹ̀. Kì í dín in kù. Ẹni tí ń ta ilẹ̀ lè fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ń rà á, tàbí tí ń san owó katakata, ni yóò fara gbá a.

Èyí ni ọ̀nà tí ó tọ́. Ẹ jẹ́ kí a wí pé àgbẹ̀ kan ní Natako ní oko onígun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 64, 94, 61 àti 78 bí a ti ń yí i ká. Kí ó na okùn láti igun tí ẹ̀gbẹ́ 64 àti ẹ̀gbẹ́ 78 ti pàdé lọ sí igun tí ó kọjú sí i. Okùn náà gùn ní mítà 120, ó sì ti pín oko sí onígun mẹ́ta méjì. Kí ó wá lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan igun méjì tí ó kù, kí ó wọn ibẹ̀ dé ibi okùn ní ọ̀nà tí ó gún, bí òpó ti í dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ó bá mítà 50 ní apá kan, mítà 35 ní apá kejì. Fún onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, a óò sọ gígùn okùn di púpọ̀ ní ọ̀nà ìwọ̀n yìí, a óò sì pín in sí méjì: 120 lọ́nà 50 jẹ́ 6,000, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3,000, 120 lọ́nà 35 jẹ́ 4,200, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2,100. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 5,100, ó fi díẹ̀ ju ààbọ̀ hẹ́kítà lọ. Ìṣírò àwọn ará Edfu ì bá fún un ní 5,375. Mítà onígun mẹ́rin 275 tí kò sí níbì kankan ni ì bá san owó lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni oko yìí kò sì wọ́ púpọ̀. Bí oko bá ti wọ́ tó ni ẹ̀tàn náà ń pọ̀ tó.

Láti mọ̀ pé igun gún, ẹ mú okùn tí a so orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi àmì pín in sí ọ̀nà 12 tí ó dọ́gba. Kí ènìyàn mẹ́ta fà á kí ó le, kí ẹ̀gbẹ́ kan gba ọ̀nà 3, èkejì 4, ẹ̀kẹta 5. Igun tí ó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ 3 àti ẹ̀gbẹ́ 4 ni igun tí ó gún.

Etí odò tí ó wọ́ ńkọ́? Ẹ na okùn tààrà sí ẹ̀bá rẹ̀, kí ẹ sì wọn láti ara okùn dé etí omi ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí 8, 12, 15, 11 àti 6, ẹ ro ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì, ó di 7. Ẹ fi kún àwọn mẹ́ta yòókù, ó di 45. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà mítà 10, ó di 450.

Àwọn baba wa kò ní téépù, síbẹ̀ wọ́n mọ oko wọn, nítorí pé igba-igba ni wọ́n ń ka ebè. Bí ebè bá jìnnà sí ara wọn ní mítà kan lójú poro àti mítà kan ní ìbú, àádọ́ta igba ebè, èyí tí í ṣe ẹgbàárùn-ún, ni ó kún hẹ́kítà kan. Fún àgbàdo tí a gbìn ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 25, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, hẹ́kítà kan yóò gba nǹkan bí igi 53,333.

Àká àti rúmbù

Bí a bá fẹ́ mọ iye tí inú nǹkan lè gbà, gíga tàbí jíjìn ni a óò fi kún gígùn àti ìbú nínú ìṣírò náà. Àká àgbàdo tí ó gùn ní mítà 4, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó sì ga ní mítà 1 àti ààbọ̀, gba àpótí 3.6 tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà kan. Bí ìkórè bá di ìlọ́po méjì, ẹ fi mítà 4 kún gígùn rẹ̀. Bí ẹ bá sọ ìbú rẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà 120, iye kan náà ni ìṣírò yóò fún yín, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ní lè dé àárín àgbàdo tútù, yóò sì bu.

Fún rúmbù tí ó rí róbótó, ẹ wọn ìbú rẹ̀ gba àárín kọjá, kí ẹ mú ìdajì rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ní ọ̀nà 22, kí ẹ pín in sí 7, kí ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà gíga. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2, tí ó sì ga ní mítà 2, gba nǹkan bí àpótí 6.3. Àpótí kan gba nǹkan bí kílò 720 àgbàdo tí a ti yìn, nítorí náà rúmbù náà gba nǹkan bí àpò 45 tí ó jẹ́ kílò 100. Bí ìbú bá di mítà 4 láìfi kún gíga, kì í ṣe àpò 90 ni yóò gbà bí kò ṣe nǹkan bí 181.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ fi ojú ṣọ́ kóńgò tí àwọn aláràtà bá gbé wá sí oko, èyí tí àwọn ará òkè Ọya ń pè ní mudu. Kóńgò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, tí ó jìn ní 10, gba nǹkan bí 1,768, èyí tí ó ju líta kan àti ààbọ̀ lọ. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 17, tí ó jìn ní 11, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba líta méjì àti ààbọ̀. Lójú, wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi èkejì ra kóńgò 10 lọ́wọ́ yín ti gba ohun tí ó ju 14 lọ ní ìwọ̀n ti èkíní. Kí ẹ tó dá owó lé e, ẹ fi ìgò tí ẹ mọ̀ pé ó gba líta kan bu omi sínú rẹ̀ títí yóò fi kún, kí ẹ sì ka iye ìgò tí ó gbà.