Ẹ̀kọ́ Lórí Gbálẹ̀-Gbáta àti Ọdẹ Òru: Ohun tí Kigali Kọ́ Wa

Nígbà tí àwa olùbẹ̀wò bá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, ìwé owó ni a máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń bi wá léèrè bí wọ́n ṣe lè dá owó fún ọdẹ òru àti ìmọ́tótó àdúgbò. Nítorí wọn ni a ṣe mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo Kigali, olú-ìlú Rwanda, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará ibẹ̀ ní iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní umuganda. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, nǹkan bí 800,000 ènìyàn ló kú; ẹ̀yà Tutsi ló pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe ọmọ ogun nìkan ló pa wọ́n. Àwọn aládùúgbò ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n ń béèrè káàdì ìdánimọ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá pè ní Tutsi, wọ́n á pa á. “Iṣẹ́” ni wọ́n ń pe ìpànìyàn náà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àgbájọ ọwọ́ náà ni a lè fi lu aláìṣẹ̀ pa.

Ogun náà parí ní oṣù keje ọdún 1994, ìlú sì ti di àwókù. Nígbà tí ó yá, wọ́n dá umuganda padà, òfin ọdún 2007 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá òwúrọ̀, ẹni ọdún 18 sí 65 tí ara rẹ̀ le gbọ́dọ̀ jáde. Wọ́n ń kó gọ́tà, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á jókòó ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ àdúgbò. Wọ́n ní ìṣọ́ òru pẹ̀lú, irondo ni wọ́n ń pè é. Lónìí, a ń ka Kigali mọ́ àwọn ìlú tí ó mọ́ jù ní Áfíríkà.

Àwa náà gbálẹ̀ ní Sátidé nígbà ìjọba ológun ọdún 1985. Ìbẹ̀rù sójà ló mú ọ̀pọ̀ wa jáde. Nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, ọ̀pọ̀ ìgbálẹ̀ bá a lọ. Ìpàdé ni a kò ní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Àríwá Yewa. Àwọn ènìyàn sá kúrò nílé, àwọn mìíràn kọjá sí ilẹ̀ Benin. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò ṣòro láti pe ẹnikẹ́ni tí ahọ́n rẹ̀ yàtọ̀ ní olè. Ẹnubodè ni a wà: Kétu, Ègùn àti Fúlàní ń kọjá lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ dá owó ọdẹ, kí ó ṣe nǹkan mẹ́ta:

1. Kí ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí i kí a tó ná kọ́bọ̀. Kí rìsíìtì wà, kí akápò sì ka ìṣirò rẹ̀ sí gbogbo ènìyàn létí.

2. Kí a kọ orúkọ ọdẹ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ó ní onídùúró, kí baálẹ̀ àti ọlọ́pàá sì mọ̀ ọ́n.

3. Ẹni tí ọdẹ bá mú, kí wọ́n má ṣe nà án. Kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní òru náà, kí wọ́n sì kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwé wa ni ojú tí a fi ń ṣọ́ olùṣọ́.

Ìbéèrè fún ìpàdé yín:
(a) Ta ni ń yẹ ìwé ọdẹ àdúgbò yín wò?
(b) Bí ọdẹ bá ṣi àlejò mú, ọ̀dọ̀ ta ni àlejò náà yóò fi ẹjọ́ sùn?