Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, agbábọ́ọ̀lù tó tún mọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ Tokpota, ta ló fẹ́ràn bọ́ọ̀lù nínú yín? Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn agbábọ́ọ̀lù kan.

Orúkọ rẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ní Nàìjíríà. Abẹ́òkúta kò jìnnà púpọ̀ sí Àjàṣẹ́ wa. Wọ́n bí Ṣẹ́gun ní ọdún 1952. Ìlú Jos ló ti dàgbà.

Ṣẹ́gun ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ń lọ sí ilé-ìwé. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn. Kò torí bọ́ọ̀lù pa ìwé tì.

Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn ń pè é ní "Mathematical". Kí ló dé? Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń lọ síbi tó fẹ́ gan-an, bí ẹni pé ó ti ṣe ìṣirò kó tó gbá a.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, pápá ìṣeré Surulere ní Èkó kún fọ́fọ́. Nàìjíríà àti Algeria ń du ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Eré kò tíì pẹ́ tí Ṣẹ́gun fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà tó ṣe, ó tún gbá èkejì wọlé. Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta. Nàìjíríà borí: 3 sí 0! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n gba ife náà.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ kọ́ là ń borí. Ní 1984, ẹgbẹ́ Zamalek ti Íjíbítì na Shooting Stars ní àṣekágbá. Lẹ́yìn náà, Ṣẹ́gun fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀.

Ṣé ó wá jókòó lásán? Rárá o! Ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Ó ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Wasimi, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé àti eré ìdárayá pọ̀. Ó tún dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ẹsẹ̀ a máa rẹ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í rẹ̀. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ sì kàwé.

Ọ̀rọ̀ tuntun
Ife-ẹ̀yẹ: ife tí wọ́n ń fún ẹni tó borí.
Àṣekágbá: ìdíje tó kẹ́yìn.

Ẹ dáhùn
1. Níbo ni Ṣẹ́gun ti dàgbà?
2. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní "Mathematical"?
3. Iṣẹ́ wo ló ṣe lẹ́yìn bọ́ọ̀lù?
4. Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ ṣe tí o bá dàgbà?