Àlàó, Tún Ìwé Yẹn Kọ

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àlàó ọmọ mi,

Ìwé tí o kọ nípa bàbá rẹ àgbà fún ètò ìsìnkú tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ní kí ọmọ ilé wa kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ojú mi kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. O ṣeun, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣe irú rẹ̀ fún kékeré. Ṣùgbọ́n mo wá ẹ̀gbọ́n mi nínú rẹ̀ tì. O kọ oyè, o kọ ìgbìmọ̀, o kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n gba ìgbéga. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí yóò rò pé orí àga ni wọ́n ti lo ọdún 89.

Tún un kọ. Àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ kí o tó mú bírò nìyí.

Ní Ìdèrè níbi tí a ti bí wa, omi adágún là ń mu. Ìwọ kò mọ sóbìà, ọpẹ́ ni. Ẹni tó bá mu omi náà lónìí, ó lè tó ọdún kan kí aràn yẹn tó yọ orí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, funfun bí òwú, tí yóò gùn ju apá lọ. Igi kékeré la fi ń ká a, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, nítorí bó bá já sínú ara, wàhálà dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àgbẹ̀ ń palẹ̀ oko mọ́ gan-an ló máa ń dá wọn dùbúlẹ̀. Ó mú èmi náà lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pọ̀n mí lọ sílé ìwé. Wọn a sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, wọn a sì sáré lọ sí tiwọn kí wọ́n má baà jẹgba ìpẹ́lẹ́yìn. Wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́.

Sóbìà ti tán ní Nàìjíríà báyìí. Ọdún 2008 la rí ẹni tó mú kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013. Omi tó mọ́ àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ló lé e lọ, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan fún un.

Ìyá wa máa ń fi álọ́ọ̀mù sínú ìkòkò omi. Ìdọ̀tí a dì, a rọ̀ sísàlẹ̀, omi a là. Iṣẹ́ yẹn kan náà ni bàbá rẹ àgbà lọ ń ṣe ní Aṣéjìrẹ́! Ọdún 1972 ni wọ́n sé odò Ọ̀ṣun níbẹ̀ tán, nítorí omi Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ti sé láti 1942 kò ká Ìbàdàn mọ́. Bí òjò bá ti wọlé tí Ọ̀ṣun sì pọ́n bí omi ilẹ̀pa, ẹ̀gbọ́n mi a to ife mẹ́fà sórí tábìlì, omi odò kan náà nínú gbogbo wọn, ìwọ̀n álọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn a rò ó, wọn a dúró. Èyí tí álọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tó là dáadáa ni wọn yóò tẹ̀ lé, nítorí àpọ̀jù álọ́ọ̀mù a máa sọ omi di kíkan. Lẹ́yìn náà ni omi yóò gba inú yanrìn kọjá, kí wọ́n tó fi kòlórínì pa kòkòrò tí ojú kò rí. Wọ́n fẹ̀yìn tì tán, wọ́n ṣì ń to ife mẹ́fà sí kíṣìnnì. Ìyá rẹ àgbà a máa bá wọn jà, torí ife àlejò ni.

Ìyẹn ni kí o kọ. Kọ ọ́ pẹ̀lú pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní ẹ̀rọ kan ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má tíì tú u wò, èsì tí ẹ̀gbọ́n mi ń fọ̀ ni pé kí sóbìà tó degbò, olúgàńbẹ là á ké sí. Lẹ́nu ọmọ Ìdèrè, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àwàdà.

Má sì bò wọ́n láṣìírí ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ tí a sọ bàbá rẹ lórúkọ, ẹ̀rọ kan dákẹ́ níbi iṣẹ́, wọ́n fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú àlejò, a kó àga tán kí wọ́n tó dé. Ìyá rẹ àgbà yan odì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fọ ìlédìí ọmọ lálaalẹ́, tí àdúgbò ń pè wọ́n ní Ẹnjiníà Ìlédìí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún fún omi ìlédìí sí i.

Owó ìfẹ̀yìntì wọn kì í tètè jáde. Arúgbó ń tò sórí ìlà láti fi hàn pé òun ò tíì kú! Síbẹ̀ wọn kò ráhùn tó bí wọ́n ṣe ráhùn nígbà tí ẹ̀rọ omi àdúgbò gbẹ, tí onílé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ bòhóòlù tirẹ̀.

Ó ku ọ̀kan, tìrẹ sì ni. Kó tó di 1980, ẹnìkan fi ilẹ̀ pọ́ọ́kú lọ̀ wọ́n létí odò Ògùnpa. Wọ́n dúró di ìgbà òjò, wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n lọ bi ìyá alákàrà kan pé níbo ni omi máa ń dé. Ìyá náà na ọwọ́ sí ara ògiri, ó ga ju ìbàdí lọ. Wọn kò rà á. Orí òkè tó ń dá orúnkún mi lóró yìí ni wọ́n rà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, Ògùnpa tí a ti fi pàǹtí dí lọ́nà, tí a kọ́lé há mọ́, gbé ilé, gbé mọ́tò, gbé ènìyàn lọ. Ènìyàn 17 ló sùn ní pálọ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ sọ fún mi pé o fẹ́ sanwó ilẹ̀ kan létí odò nítorí pé kò wọ́n. Ìwọ náà sì ní ẹnjiníà lo jẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, dúró di oṣù Kẹsàn-án, lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, kí o bi ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ léèrè, kí o sì pè mí kí o tó na owó sí ẹnikẹ́ni. Bàtà rọ́bà wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Yóò bá ọ mu, nọ́ńbà kan náà lẹ ń wọ̀.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ àgbà