Ọ̀rọ̀ Tí Í Gba Ẹ̀mí Là

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ láàrin agbo ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀ràn ìlera. Oògùn tí ó dára jù lọ kò lè ṣe aláìsàn ní rere bí a kò bá ṣàlàyé bí yóò ti lò ó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí a ti ń kọ́ àwọn kan láti wo àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ́ àwọn mìíràn láti sọ ọ̀rọ̀ ìlera kí ó lè yé tọmọdé tàgbà. Ẹ̀ka kan wà fún ẹ̀kọ́ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ rí. Ta ni kò mọ Òrè ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, níbi tí ọ̀nà Èkó, ti Ìbíní, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé? Bí èrò ti ń gbé ẹrù kọjá níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìròyìn kọjá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ìròyìn búburú kan ti Òde-Ìrèlè wá, ìlú tí ó wà ní ìhà gúúsù Òrè. Àwọn ènìyàn ń kú lójijì. Orí a fọ́ wọn, ojú wọn a ṣókùnkùn, wọn a dákú, ikú a sì dé láìpẹ́. Ó kéré tán, ènìyàn 17 ni ó lọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó fà á? Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ni ó ń bínú nítorí àwọn tí wọ́n fọ́ ojúbọ rẹ̀. Ẹ̀rù Ebola, tí ó wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, kò sì tíì kúrò lọ́kàn àwọn mìíràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé ó lè jẹ́ oògùn apakoríko. Àbá tí ó bójú mu ni, nítorí àgbẹ̀ pọ̀ ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n àbá ni, àbá ni wọ́n sì pè é. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, a rí i pé methanol ni, tí ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ó jọ ọtí gidi ní àwọ̀ àti ní òórùn, ṣùgbọ́n bí ó bá dé inú ara, ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di oró tí í ba iṣan ojú jẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń sún ènìyàn ṣe. Ẹni tí ó gbà pé òrìṣà ń bínú yóò wá ètùtù. Ẹni tí ó gbà pé àrùn tí ń ràn ni yóò sá fún aláìsàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọtí ni yóò da ife ọwọ́ rẹ̀ nù. Èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó lè dá ikú dúró. Síbẹ̀, kì í ṣe òmùgọ̀ ni àwọn tí wọ́n sọ ti òrìṣà. Bí àlàyé bá pẹ́ kí ó tó dé, ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ènìyàn yóò fi dí àyè rẹ̀. Ní ọdún 2014, irọ́ ni ó dí i: a ní kí àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún nítorí Ebola, àwọn mìíràn sì ti ibẹ̀ fara gba jàǹbá.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí a kọ ọ̀rọ̀ ìlera? Èkínní, kí a sọ ohun tí a mọ̀ dájú, kí a sì pe àbá ní àbá. Èkejì, kí a sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. ‘Ẹ ṣọ́ra’ kò tó. ‘Ẹ má ṣe mu ọtí tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá’ ni ó yé ènìyàn. Ẹ̀kẹta, kí a má fi àmì ohùn ṣeré. Bí a bá kọ ‘Ma mu omi yii’ sí ara kànga, ẹnì kan lè kà á sí ‘Má mu omi yìí’, kí ẹlòmíràn kà á sí ‘Máa mu omi yìí’. Ọ̀kan kọ̀ fún un. Èkejì pè é wá mu. Ẹ̀kẹrin, kí a tó lẹ ìwé mọ́ ògiri, kí a fún ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kà, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ó yé wọn. Bí wọ́n bá ṣì í gbọ́, ọ̀rọ̀ wa ni kí a tún ṣe. Kí a má ṣe bá wọn wí. Apá kan pàtàkì nínú iṣẹ́ àwọn olùwádìí ìmọ̀ yìí nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé nítorí ìdánwò nìkan ni a ṣe ń kọ́ yín láti kọ gbólóhùn tí ó yéni. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò ka ohun tí ẹ kọ, tí yóò sì mu tàbí kí ó má mu.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ ìkìlọ̀ tí kò ju 50 ọ̀rọ̀ lọ, pẹ̀lú àmì ohùn, lórí omi mímu ní abúlé rẹ. Kà á fún àgbàlagbà kan, kí o sì kọ ohun tí ó ní òun gbọ́ sílẹ̀.