Ẹ Wá Bá Wa Tọ́ Ọ Wò

Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé "ẹ wá mu wáìnì Ítálì nílé wa lálẹ́ Sátidé," àríyá ni àwọn àlejò yín máa múra fún, wọn kò sì jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ìtọ́wò lẹ ní lọ́kàn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀: "ẹ wá bá wa tọ́ wáìnì Ítálì wò." Àárín tọ́ àti wò ni ohun tí à ń tọ́ máa ń wà. "Ẹ tọ́wò Barolo" kò dára létí; "ẹ tọ́ Barolo wò" ni.

Bí ìgò bá ti ṣí, rírọ ni à ń rọ ọtí sínú ife. Inú agbè ẹmu tàbí ìkòkò la ti ń bu nǹkan. Rírọ ọ̀hún gba sùúrù, pàápàá fún Barolo. Èso àjàrà Nebbiolo ni wọ́n fi ń ṣe é ní Piemonte, ní àríwá Ítálì, òfin kò sì gbà kí wọ́n tà á kí ó tó lo oṣù 38, tí 18 nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú àgbá onígi. Èyí tó bá tún pẹ́ nínú ìgò lẹ́yìn ìyẹn á ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Mo bẹ yín, ẹ má pe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ìdọ̀tí. Ara ọtí ni. Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu àwọn ẹlẹ́mu, ó wà nínú Bíbélì wa, síbẹ̀ ó ti ń pòórá lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ẹ gbé ìgò náà dúró láti ọjọ́ tó ṣáájú kí ọtí lè tòrò, kí ẹ tó rọra rọ ọ́.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ náà. Wáìnì Chianti Classico tí kò tíì pẹ́ máa ń pupa yòò. Barolo tó ti pẹ́ á pupa rúsúrúsú. Ẹni tó kàn pe méjèèjì ní "pupa" kò tíì wò wọ́n dáadáa.

Ní ti òórùn, gbígbọ́ la ń gbọ́ ọ. Àmọ́ bí àlejò bá ní wáìnì yín "ń rùn," ó ti bú yín. Ohun tó wù wá ní imú, títa sánsán ló ń ta.

Ẹnu ló ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé Nebbiolo korò, nígbà tó jẹ́ pé ó ń fa ahọ́n, ẹnu á sì gbẹ, bí ìgbà téèyàn bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n jẹ. Kíkorò yàtọ̀, kíkan náà yàtọ̀. Wáìnì Amarone, láti Valpolicella nítòsí Verona, ní tirẹ̀, ńṣe ló ki. Wọ́n máa ń sá èso àjàrà rẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún oṣù bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó fún un, omi ara rẹ̀ á ti dín kù. Èyí tí kò ki, ó ṣàn ni, bí a ṣe ń sọ fún ọbẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́ ìgò púpọ̀ wò lálẹ́ kan lè tu ọtí dànù kó má bàa pa á. Títu ni o, kì í ṣe bíbì. Ẹ gbé abọ́ kan sórí tábìlì fún un, kí ẹ sì tètè ṣàlàyé fún àwọn àgbà tó wà níjòókòó kí ẹnikẹ́ni tó tu tirẹ̀ níwájú wọn.