Iye tí Ìwé Wí

Ilé Bàbá Wa,
Ṣábẹ̀,
Ọjọ́ 8, oṣù Ọ̀pẹ, 2024.

Àyìnlá ọmọ mi, ọmọ Ṣábẹ̀ Ọ̀pàrà, àkọ́bí àbúrò mi,

Mo kí ọ kú ewu títì Kútọnu, níbi tí àwọn ọlọ́kadà oní-zémidjan ti ń sáré bí ẹni tí ikú ń lé. Ṣé dáadáa ni Àṣàbí aya rẹ wà, obìnrin rere tí ó ń ra òróró ẹsẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí ìwọ sì ń dúró gba ọpẹ́ rẹ̀? Ṣé Àlàó ọmọkùnrin rẹ ń jẹun? Ṣé Àbẹ̀kẹ́ mi ṣì ń to àpótí sílẹ̀ ní àgbàlá, tí ó ń fò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìyá rẹ̀ ń pariwo pé yóò ṣẹ́ lẹ́sẹ̀? Àwa níhìn-ín wà ní àlàáfíà, bí a bá yọ ti ọyẹ́ kúrò, nítorí ọyẹ́ ti bo àwọn òkè wa mọ́lẹ̀ débi pé ní òwúrọ̀ n kò rí wọn láti ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Ìyá rẹ kékeré kí ọ, ó ní o kò kí òun láti ọdún iléyá. A gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ọmọ wa, agbábọ́ọ̀lù Benin, ti yege fún ìdíje ife Áfíríkà tí wọn yóò ṣe ní Mòrókò, inú wa sì dùn; Ọ̀kẹ́rẹ́ ni èmi ṣì ń pè wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ti fi orúkọ ẹranko mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti 2022, ẹranko tí n kò rí rí nínú igbó Ṣábẹ̀ kankan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ó mú mi gbé gègé. Ìyá Rìsí, tí ó kó iṣu lọ sí ọjà Dantokpa tí ó sì sùn sí ilé rẹ, ti dé, kò sì dé pẹ̀lú owó iṣu nìkan. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ti ilé ìwé dé pẹ̀lú omijé lójú, nítorí ọmọkùnrin kan wí fún un pé obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri yàrá rẹ̀, tí ó ń fara wé bí ó ti ń fo àpótí, èrú àti oògùn ni ó fi ń sáré, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà ṣe ń ṣe. Àti pé nígbà tí ọmọ náà bi ọ́ léèrè bóyá òtítọ́ ni, ìwọ tí o ń jẹun lọ́wọ́ kò gbé orí sókè, o kàn wí pé, gbogbo wọn ni ó ń ṣe é, ẹni tí ilẹ̀ bá mọ́ bá ni barawo. Ó ní ọmọ náà kò jẹun alẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ àwòrán náà kúrò.

Àyìnlá, mo mọ òwe yẹn kí a tó bí ọ. Àwọn àgbà tí ó dá a kò fi gba olè láre rárá. Wọ́n fi ń dójú ti àwọn tí wọ́n jọ lọ sí oko olè tí wọ́n wá di onídàájọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń na àgbàlagbà ni ìwọ bù fún ọmọ ọdún méje bí oúnjẹ. Èyí tí ó sì dùn mí jù ni pé irọ́ tilẹ̀ ni, nítorí ẹni tí ọmọ náà béèrè nípa rẹ̀ kò jẹ̀bi.

Tobi Amusan ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù Agẹmọ 2022, ní Eugene ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sá ọgọ́rùn-ún mítà tí a ń fo igi mẹ́wàá nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, ẹsẹ̀ obìnrin kankan kò sì tíì yá tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti ń fi aago wọ̀n ọ́n. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án, kì í sì í ṣe pé wọ́n bá oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òfin àwọn tí ń ṣàyẹ̀wò oògùn ni pé sárésáré bíi tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ tẹ́lẹ̀, fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan àti ibi tí àwọn ayẹ̀jẹ̀wò yóò ti bá a bí wọ́n bá dé láìkéde. Bí wọ́n bá wá a tì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù 12, ẹ̀sùn dé. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì dá a láre ní oṣù Ògún 2023, tí ó fi rí ìje rẹ̀ sá ní Budapest; àwọn tí kò tẹ́ lọ́rùn gbé ẹjọ́ náà lọ sókè, ní 2024 ilé ẹjọ́ tún dá a láre. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá ni àwọn bàbá wa ń pè ní àgbà òṣìkà. Ìwọ kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan, o ti dájọ́, o sì ti lọ bu ọbẹ̀ sí i.

N kò wí pé kò sí ẹlẹ́bi. Blessing Okagbare ni àwọn ọmọ ilé ìwé náà gbọ́ nípa rẹ̀ tí wọ́n fi da ọ̀rọ̀ rú. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo, ní 2021, ó borí nínú ìje àkọ́kọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ní kí ó má sá èyí tí ó kàn, nítorí àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún un ṣáájú fi oògùn tí ń mú ara dàgbà hàn. Ní 2022 wọ́n ní kí ó má sáré fún ọdún 10, nígbà tí ó yá wọ́n sọ ọ́ di 11. Obìnrin yìí kan náà ni ó gba ipò kẹta nínú fífò jìnnà ní Beijing ní 2008, tí wọ́n sì gbé e sókè sí ipò kejì lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí ará Rọ́ṣíà tí ó wà níwájú rẹ̀ lo oògùn. Ẹni tí a rẹ́ jẹ ni, a sì dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fún un, lẹ́yìn náà òun pẹ̀lú lọ ṣe ohun tí wọ́n ṣe sí i. Mo ti rò ó títí, n kò rí ojútùú rẹ̀. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá bi ọ́ ní ìdí rẹ̀, sọ fún un pé Bàbá Àgbà pẹ̀lú kò mọ̀.

Ohun tí mo mọ̀ ni ibi tí ó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún un. Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jà lólè ni. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney, ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2000, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin láti Nàìjíríà, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong, gbé ọ̀pá fún ara wọn nínú irinwó mítà lọ́nà mẹ́rin, wọ́n parí ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 58.68, wọ́n ṣe ipò kejì lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Wọ́n gba fàdákà, wọ́n jó, wọ́n lọ sílé. Ní 2008, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, Antonio Pettigrew, jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ pé òun lo oògùn ní àkókò náà. Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ gbogbo wọn, títí kan Michael Johnson tí ó sáré kẹ́yìn, ẹni tí kò lo nǹkan kan, tí ó sì ti yọ̀ǹda tirẹ̀ kí a tó béèrè. (Johnson yìí náà ni ó wí pé aago tí wọ́n fi wọn eré Tobi ní Eugene kò dá òun lójú, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, ẹ jẹ́ kí ó sá fún ekòló.) Oṣù Agẹmọ 2012 ni wọ́n tó fi àṣẹ sí i pé wúrà náà ti di ti Nàìjíríà. Sunday Bada, àgbà inú wọn, ti kú ní oṣù Ọ̀pẹ 2011.

Sọ èyí fún ọmọ rẹ, kí o wá tún òwe rẹ pa bí o bá lè pa á. Nítorí bí o bá ní gbogbo wọn ni ó ń ṣe é, ohun tí o ń wí fún un ni pé òmùgọ̀ ni Bada, pé ẹni tí ó bá sáré láìfi ohunkóhun kún un ni kò gbọ́n, àti pé òun tí ń fo àpótí ní àgbàlá ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń yí ká láti òkè ìwé yìí dé. Ìyá Rìsí ní òun gbọ́ tí ìwọ àti ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ ní ìta nípa ìwé ìbí Àlàó, pé ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan yóò gbà á bí ọdún rẹ̀ bá lè dín ní méjì. Mo wá mọ ìdí tí o kò fi gbé orí sókè nínú àwo oúnjẹ. Ǹjẹ́ o ti gbàgbé 2018, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ wa tí kò gbọdọ̀ ju ọdún 17 lọ kọrí sí Niamey, tí ẹ̀rọ ya àwòrán egungun ọrùn-ọwọ́ wọn, tí mẹ́wàá nínú wọn sì ju ọdún náà lọ? Egungun ọ̀dọ́mọdé ní ààlà kan tí kò tíì dí níbẹ̀, tí ń dí pátápátá bí ènìyàn bá ti ń kọjá ọdún 17; kò sí ẹlẹ́rìí tí a lè fún lówó kí ó ṣí i padà, láti 2009 ni wọ́n sì ti ń lò ó nínú ìdíje àgbáyé. Wọ́n lé ẹgbẹ́ wa padà, wọ́n dé Kútọnu, wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí àtìmọ́lé, ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún wọn, ó dájọ́ fún ẹni tí ó ti jẹ́ olórí àjọ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Àwọn tí a ń pàtẹ́wọ́ fún ní oṣù kan ni a rí nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá ní oṣù kejì. Èmi sọkún fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ọmọdé ni ó ń lọ bá akọ̀wé.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí bàbá rẹ. O mọ apá kan ìtàn náà. Apá kejì nìyí. Nígbà tí ilẹ̀ yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey, a kì í kọ ọjọ́ ìbí wa sílẹ̀, né vers (a bí i ní nǹkan bí) ọdún báyìí ni akọ̀wé máa ń kọ sí ìwé wa bí ẹni ń dá àbá. Èmi ni mo mú ẹlẹ́rìí méjì lọ gba jugement supplétif, ìwé ilé ẹjọ́ tí ó dípò ìwé ìbí, fún bàbá rẹ, èmi ni mo sì ní kí wọ́n dín ọdún mẹ́ta nínú ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó lè bá àwọn kékeré gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé. Ó gbá a, ó borí, wọ́n gbé e léjìká wálé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó bi mí pé, Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mélòó ni mí gan-an? Mo dá a lóhùn pé, iye tí ìwé wí. Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, bí mo bá bi í ní ohun tí kò fẹ́ sọ fún mi, ìbáà ṣe ti owó oko, ìbáà ṣe ti ìyá rẹ, ìbáà ṣe ti àìsàn tí ó fi pamọ́ títí ẹ̀pa kò fi bóró mọ́, ohun kan náà ni yóò fi dá mi lóhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, iye tí ìwé wí ni. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé ìkéde ìsìnkú rẹ̀, tí èmi àti àǹtí rẹ ń jiyàn lórí ọdún tí a ó kọ, tí a sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. O rò pé ìbínú ogún ni ó mú mi jáde kúrò nínú yàrá lọ́jọ́ náà.

Lọ bá Àbẹ̀kẹ́. Má pè é sí ìpàdé bí adájọ́. Jókòó tì í níbi àpótí rẹ̀. Sọ fún un pé o sọ̀rọ̀ nípa ohun tí o kò mọ̀, pé wọ́n fi ẹ̀sùn kan Tobi, wọ́n sì dá a láre, kí ó lẹ àwòrán rẹ̀ padà bí ó bá wù ú. Bí ó bá béèrè ti Blessing, sọ òtítọ́ rẹ̀ ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀, kí o má fi ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ dẹ́rù bà á. Ọmọ kékeré kì í béèrè òfin lọ́wọ́ wa. Bóyá òun ṣì lè fẹ́ràn ẹni náà ni ó ń béèrè. Sọ fún un pé ó lè fẹ́ràn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti fẹ́ràn Bùọ̀dá Lásísì títí di òní lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì Parakou, tí a sì ń bá a jẹun, bí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tilẹ̀ jẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ní ti Àlàó, mo mọ ọjọ́ tí a bí i, èmi ni mo sanwó ilé ìgbẹ̀bí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kò bá gbà á ní iye ọdún tí ó jẹ́, kí ó wá sọ́dọ̀ mi ní ìsinmi, pápá wà ní Ṣábẹ̀, bọ́ọ̀lù sì wà. Inú rẹ yóò bí sí èyí, kí ó bí ọ, n kò ní yí i padà.

Ìyá Rìsí ń padà lọ sí Dantokpa ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ pẹ̀lú iṣu rẹ tí mo ti yà sọ́tọ̀. Àṣàbí ni kí ó gbà á, kì í ṣe ìwọ. Fi èsì rán an ní kíkọ, má fi tẹlifóònù pè mí, etí mi ọ̀tún kò gbọ́ mọ́. Bí o bá sì ti sanwó fún ọkùnrin oníwèé yẹn, lọ gba owó rẹ. Bí ó bá kọ̀ láti dá a padà, fi í sílẹ̀ fún un, kí o kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi yóò yọ ọ́ nínú owó iṣu ọdún yìí.

Èmi ni bàbá rẹ àgbà,
Àkànbí.